Ìbàdàn àti Ìtàn Àjẹsára Àrùn Jẹjẹrẹ

Ọ̀nà ni ó ń sọ ìletò di ìlú. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ìbàdàn kò ní jiyàn ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1901 ni ojú irin dé ìlú náà láti Èkó. Ìtòsí ibi tí ọkọ̀ náà ń gúnlẹ̀ sí ni àwọn oníṣòwò òyìnbó kó ilé ìtajà wọn sí, bẹ́ẹ̀ ni Dùgbẹ̀ ṣe di ibùdó owó, títí a fi kọ́ Ilé Kòkó tí a ṣí ní 1965 síbẹ̀. Ní Bódìjà, ní òpin àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kọ́kọ́ wọn ilẹ̀, ó sì la títì, kí a tó kọ́ ilé sí i lẹ́sẹẹsẹ. Àgbowó kò dúró de ẹni tí yóò wọn ilẹ̀ fún un. Ojú ọ̀nà tí ó kọjá lẹ́nu ibodè Yunifásítì ti tó o láti fi dàgbà, ilé sì ń kọ lu ilé. Ring Road ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ ní orúkọ mìíràn ju orúkọ títì tí ó bí i lọ. Ibi tí ọ̀nà dé ni oúnjẹ dé. Ibi tí oúnjẹ dé ni ènìyàn dé. Ibi tí ènìyàn bá sì ti pọ̀, wọn a tún máa wá ọ̀nà mìíràn kún èyí tí ó wà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìlú yìí náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ẹni tí ó ní àrùn jẹjẹrẹ. Kókó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ara dàbí ilé kan ṣoṣo nínú igbó: bí ọ̀nà kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò lè di àdúgbò. Ọ̀nà tí ó nílò ni iṣan ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ìyè kiri inú ara. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń bèèrè pé: bí a bá dí ọ̀nà yìí, ǹjẹ́ kókó náà kò ní rọ? Ìbéèrè kejì sì tẹ̀ lé e: ǹjẹ́ a lè fi abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ ara aláìsàn kí òun fúnra rẹ̀ máa dí i? Ìtàn ìbéèrè méjèèjì yìí ni ó yẹ kí a tọ ipasẹ̀ rẹ̀, àti ipa tí Ìbàdàn kó nínú ìmọ̀ tí ó yí wọn ká. Ipa náà kò kéré, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò pọ̀.

Ó dára kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ méjì wò. Nínú orúkọ jẹjẹrẹ, etí ń gbọ́ jíjẹ: àrùn tí ń jẹ ẹran ara díẹ̀díẹ̀ tí kì í yó. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ kò gba ibi jíjẹ wò ó ní tiwọn. Akàn ni wọ́n pè é, òun náà sì ni ìtumọ̀ orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é di òní. Galen, oníṣègùn Gíríìkì tí ó ṣiṣẹ́ ní Róòmù ní ọ̀rúndún kejì, ṣe àlàyé rẹ̀ pé àwọn iṣan tí ó wú yí kókó ọmú ká dàbí ẹsẹ̀ akàn tí ó nà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nítorí náà, ó ti tó ẹgbàá ọdún tí ojú ti ń rí iṣan ẹ̀jẹ̀ lára kókó. Ohun tí ojú kò rí ni ìdí tí iṣan náà fi wà níbẹ̀.

Àjẹsára náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àwọn dókítà òyìnbó mú wá. Àwọn baba ńlá Yorùbá ní oògùn tí a ń jẹ sí ara kí ibi tó dé, kí ó lè jẹ́ pé bí ibi bá dé, yóò bá ara ní ìmúrasílẹ̀. Wọ́n sì ní gbẹ́rẹ́ tí a ń sín. Nígbà tí ìmọ̀ tí Edward Jenner dán wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1796 láti dènà ṣọ̀pọ̀nná dé ilẹ̀ yìí, ó bá ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu nílẹ̀. Ìmọ̀ náà ni a fi lé ṣọ̀pọ̀nná kúrò láyé, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní 1980 pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí gbogbo ìtàn yìí dúró lé. Ṣọ̀pọ̀nná jẹ́ àlejò tí ó ti ìta wọlé, ẹ̀ṣọ́ ara sì mọ àlejò. Jẹjẹrẹ jẹ́ ọmọ ilé tí ó ya sí ọ̀nà àìtọ́. Aṣọ tí ó wọ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti àwọn ará ilé yòókù, nítorí náà ẹ̀ṣọ́ kì í tètè fura sí i. Àwọn àgbà kò sì ṣì í sọ pé bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani.

Kí a tó lè bá àrùn jà, a gbọ́dọ̀ mọ iye àwọn tí ó ń mú. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, ọ̀pọ̀ àwọn òyìnbó onímọ̀ ìṣègùn gbà pé jẹjẹrẹ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ènìyàn dúdú. Ohun tí ó fà á ni pé kò sí ẹni tí ó ń kà á. A dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1957, a ṣí ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀, UCH, ní Oríta Mẹ́fà. Ní 1960, nínú ẹ̀ka tí a ti ń wo ẹran ara aláìsàn lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, Ọ̀jọ̀gbọ́n G. M. Edington dá ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ti Ìbàdàn sílẹ̀. Iṣẹ́ náà rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe: a ó kọ orúkọ, ọjọ́ orí, ibùgbé àti irú àrùn gbogbo ẹni tí a bá rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀ ní ìlú náà, ní ilé ìwòsàn gbogbo, a kò sì gbọdọ̀ ka ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ní 1965, Edington àti Una Maclean tẹ àbájáde ọdún 1960 sí 1963 jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ jẹjẹrẹ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Una Maclean yìí náà ni ó wá kọ ìwé kan tí ó jáde ní 1971 lórí ìṣègùn ìbílẹ̀ ní Ìbàdàn, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá dé UCH ti kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà babaláwo tàbí oníṣègùn kọjá. Iṣẹ́ wọn fi hàn pé jẹjẹrẹ kò ṣọ̀wọ́n rárá ní Ìbàdàn. Èyí tí ń mú ẹnu ilé ọmọ ni ó gbawájú láàárín àwọn obìnrin nígbà náà, kí ti ọmú tó borí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ti ẹ̀dọ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin. Láàárín àwọn ọmọdé, irú kan wà tí ó ju gbogbo ìyókù lọ, òun ni ó sì mú orúkọ Ìbàdàn wọ inú ìtàn ayé.

Ní ọdún 1958, Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Ireland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kampala ní ilẹ̀ Uganda, kọ̀wé nípa kókó kan tí ń yọ ní egungun àgbọ̀n àwọn ọmọdé Áfíríkà. Kókó náà a máa yára dàgbà lọ́nà tí ó ń dẹ́rù ba ni: láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ojú ọmọ ti yí padà, eyín ti ń mì nínú ẹran rẹ̀. Ní 1964, Anthony Epstein, Bert Achong ọmọ Trinidad, àti Yvonne Barr rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú sẹ́ẹ̀lì kókó yìí tí a fi ọkọ̀ òfuurufú gbé láti Uganda lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí a rí fáírọ́ọ̀sì tí ó ní í ṣe pẹ̀lú jẹjẹrẹ ènìyàn. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé àlejò a máa wà lẹ́yìn ọmọ ilé tí ó yàgò nígbà mìíràn. Ọ̀rọ̀ yìí yóò sì tún padà wá.

Ní Ìbàdàn, ẹni tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bọ́ sí lọ́wọ́ ni Victor Anomah Ngu. Buea ní ilẹ̀ Cameroon ni a gbé bí i ní 1926. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún tí a dá a sílẹ̀. Ó parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Mary ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ abẹ, níbi tí ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní àárín àwọn ọdún 1960. Oníṣẹ́ abẹ ni, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kò lè gbé kókó yìí kúrò tán láìba ojú ọmọ jẹ́. Ẹ̀rọ ìtànṣán kò sì sí ní Ìbàdàn nígbà náà. Oògùn nìkan ni ó kù. Ohun tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ya àwọn fúnra wọn lẹ́nu: lẹ́yìn tí ọmọ bá gba oògùn bíi cyclophosphamide lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kókó ńlá a pòórá láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn ọmọ kan kò sì tún rí i mọ́. Ní 1965, Ngu kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ó ti lo ju ọdún méjì lọ láyé lẹ́yìn ìtọ́jú.

Ìbéèrè tí ó bí ara rẹ̀ ni pé: kí ni ó pa ìyókù? Oògùn tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò lè dá pa gbogbo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tán. Ara ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti gbèjà ara rẹ̀. Ní 1967, Ngu gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ àkọlé tí ó dá lórí ìgbèjà tí ara ń ṣe lòdì sí kókó Burkitt. Ní Ìbàdàn kan náà, Babatunde Osunkoya ń sin sẹ́ẹ̀lì kókó yìí nínú ìgò, ó ń ṣọ́ ìṣe wọn. Ní 1972, a fún Ngu ní ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Burkitt àti àwọn mìíràn tí ó fi oògùn ṣẹ́gun jẹjẹrẹ. Ó ti fi Ìbàdàn sílẹ̀ lọ sí Yaoundé ní ọdún tí ó ṣáájú. Ohun tí ó fi sílẹ̀ fún ìmọ̀ ni èrò kan tí kò pọ̀ láyé nígbà náà: pé ara aláìsàn kì í ṣe pápá ogun lásán, òun náà lè jẹ́ ọmọ ogun.

Ní ìgbà kan náà tí Edington ń ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Oríta Mẹ́fà, ọ̀dọ́mọdé oníṣẹ́ abẹ kan tí ń jẹ́ Judah Folkman, tí a bí ní 1933, ń sin ilẹ̀ Amẹ́ríkà nínú iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ní Bethesda. Iṣẹ́ tí a gbé lé òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ni láti wá ohun tí a lè lò dípò ẹ̀jẹ̀ nínú ọkọ̀ ogun tí ń pẹ́ lójú òkun. Wọ́n gé ẹ̀yà ara ehoro, wọ́n sì fi omi tí wọ́n ṣe bọ́ ọ nínú ìgò kí ó má bàa kú. Wọ́n wá gbin sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ eku sínú rẹ̀. Kókó yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó tó orí abẹ́rẹ́, ó dúró, kò sì dàgbà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò kú: nígbà tí wọ́n dá a padà sínú ara eku, kíá ni ó tún ń dàgbà. Folkman rí ohun tí ó yàtọ̀ láàárín ibi méjèèjì. Nínú ìgò, iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun kò hù. Nínú eku, ó hù.

Ó gbé èrò rẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1971. Ó ní kókó kò lè ju orí abẹ́rẹ́ lọ bí kò bá rí ẹni la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ fún un; ó ní kókó fúnra rẹ̀ ni ó ń rán ońṣẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ iṣan tí ó wà nítòsí pé kí ó ya ẹ̀ka sọ́dọ̀ òun; ó sì ní bí a bá mú ońṣẹ́ náà lọ́nà, ebi yóò pa kókó. Àwọn onímọ̀ tí ó pọ̀ jù fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní iṣan tí ó yí kókó ká kò ju wíwú tí egbò máa ń mú wá lọ. Ẹni tí ó bá mọ àfòmọ́ lórí igi obì kì bá tí rẹ́rìn-ín. Àfòmọ́ kò ní egbò, igi gbogbo ni í bá tan: kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ẹnu rẹ̀ bọ inú igi, omi igi ni ó ń mu. Ọdún méjìdínlógún ni ó kọjá kí a tó mọ ońṣẹ́ tí ó lágbára jù nínú àwọn tí Folkman sọ: ní 1989, Napoleone Ferrara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California yà á sọ́tọ̀, wọ́n sì pè é ní VEGF. A tún wá rí etí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ fi ń gbọ́ ońṣẹ́ yìí. VEGFR-2 ni a pe èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú wọn.

Láti ìgbà náà, ìrètí dìde kọjá ìwọ̀n. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, ìwé ìròyìn New York Times gbé e sí ojú ewé kìíní pé oògùn méjì láti yàrá ìwádìí Folkman ti mú kí kókó rọ pátápátá lára eku. Àwọn aláìsàn láti gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí pe ilé ìwòsàn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Boston. Folkman alára kìlọ̀ pé eku ni òun wò sàn, kì í ṣe ènìyàn. Nígbà tí a sì dán oògùn náà wò lára ènìyàn ní Amẹ́ríkà, kò ṣe ohun tí a retí. Èyí tí ó kọ́kọ́ yege ni oògùn mìíràn, bevacizumab, tí ń mú ońṣẹ́ VEGF lọ́nà. Ní 2004, ìjọba Amẹ́ríkà gbà á láyè fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá, nítorí àwọn tí ó gbà á pẹ̀lú oògùn yòókù lo oṣù 20 ó lé díẹ̀, nígbà tí àwọn tí kò gbà á lo bí oṣù 15 àti ààbọ̀. Ó jẹ́ èrè, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwòsàn. Ní 2011, ìjọba kan náà fa àyè tí ó fún un fún jẹjẹrẹ ọmú sẹ́yìn, nítorí kò fi kún ọjọ́ ayé àwọn obìnrin náà. Folkman ti kú ní oṣù kìíní ọdún 2008.

Odò méjì ni a ti tọ̀ dé ibí yìí: ti Ngu, tí ó ní ara lè gbèjà ara rẹ̀, àti ti Folkman, tí ó ní kí a dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ibi tí odò méjèèjì ti pàdé ni àjẹsára tí a ń sọ. Oògùn bíi bevacizumab dàbí ọlọ́dẹ tí a háyà: ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta ni a ó máa sanwó fún un, ọjọ́ tí owó bá tán ni ó ń lọ. Àjẹsára dàbí kí a kọ́ àwọn ọmọ ilé fúnra wọn ní iṣẹ́ ọdẹ. Ohun mìíràn tún wà tí ó mú èrò náà dára. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ a máa pààrọ̀ aṣọ lójoojúmọ́, ẹ̀ṣọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lánàá lè má mọ̀ ọ́n lónìí. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tòótọ́ tí kì í yípadà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá rí olè mú lè ti ọ̀nà tí olè ń gbà mọ́ ọn.

Ní ọdún 2000, Wei Yuquan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Chengdu ní ilẹ̀ Ṣáínà fi sẹ́ẹ̀lì iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ara ẹ̀dá mìíràn wá ṣe àjẹsára fún eku, kí ara eku lè rí i bí àlejò kí ó sì bá a jà. Kókó eku náà kò lè dàgbà dáradára mọ́. Ní 2002, Andreas Niethammer, Ralph Reisfeld àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní California gbé ìlànà etí VEGFR-2 wọ inú kòkòrò àrùn kan tí a ti sọ di aláìlágbára, eku sì gbé e mì; àwọn náà rí i pé iṣan kókó dínkù. Láti inú irú iṣẹ́ yìí ni àjẹsára VXM01 ti jáde, tí a dán wò ní Heidelberg ní ilẹ̀ Jámánì. Kòkòrò tí a fi ń ṣe àjẹsára ibà jẹ̀fun-jẹ̀fun ni wọ́n lò láti gbé e, ó sì jẹ́ ohun mímu. Ẹni tí ó bá rí i tí aláìsàn ń mu àjẹsára láti ẹnu yóò rántí pé ohun tí a ń jẹ sí ara ni àjẹsára ti jẹ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ní ilẹ̀ Japan, wọ́n lọ jìnnà jù. Wọ́n ṣe abẹ́rẹ́ kan, elpamotide, láti inú ègé kékeré lára etí VEGFR-2, wọ́n sì dán an wò lára aláìsàn 153 tí jẹjẹrẹ ti mú ní pancreas, ẹ̀yà ara tí ó sápamọ́ sẹ́yìn ikùn. Gbogbo wọn gba oògùn kan náà. Àwọn kan gba àjẹsára kún un, àwọn yòókù gba abẹ́rẹ́ tí kò ní nǹkan nínú, aláìsàn kò sì mọ èyí tí ó kan òun. Àbájáde tí ó jáde ní 2015 kò ní àṣírí: apá méjèèjì lo oṣù mẹ́jọ ó lé díẹ̀ láyé. Àjẹsára náà kò fi ọjọ́ kan kún un.

Ìtàn ti Cuba yẹ kí ó kan ọmọ Yorùbá ní pàtàkì. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá ní ẹrú lọ sí erékùṣù náà, níbi tí àwọn ọmọ wọn tí a ń pè ní Lukumí ti tọ́jú òrìṣà àti èdè ìsìn wọn di òní. Ní 1986, ìjọba Cuba dá ilé ìwádìí ńlá kan sílẹ̀ ní Havana fún ìmọ̀ ohun alààyè. Ibẹ̀ ni a ti ṣe àjẹsára HeberSaVax, tí kò kọjú sí etí, bí kò ṣe sí ońṣẹ́ VEGF gan-an: a fi ońṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ èròjà tí a yọ lára kòkòrò tí ń fa àrùn lọ́rùn-lọ́rùn, kí ara lè rí i bí ọ̀tá. Aláìsàn 30 ni a kọ́kọ́ fún. Ara wọn gbà á láìsí ìpalára ńlá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe èròjà ìgbèjà tí ń mú ońṣẹ́ náà. Erékùṣù tí kò lówó púpọ̀ ni ó ṣe èyí. Ìyẹn nìkan tó ẹ̀kọ́ fún orílẹ̀-èdè tí ó ní epo rọ̀bì.

Síbẹ̀, títí di ọdún 2024, kò sí ọ̀kan nínú àwọn àjẹsára iṣan ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyí tí ìjọba Amẹ́ríkà tàbí ti Yúróòpù gbà láyè fún títọ́jú aláìsàn. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Èkíní, bí a bá dí ọ̀nà kan, kókó a máa wá òmíràn. Ońṣẹ́ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní la ọ̀nà tuntun mọ́, yóò kàn kó sí ojú ọ̀nà tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, bí Àgbowó ti ṣe. Èkejì, iṣan tuntun kò jẹ́ ti jẹjẹrẹ nìkan: egbò nílò rẹ̀ kí ó tó jiná, aboyún nílò rẹ̀ fún ọmọ inú rẹ̀. Oògùn tí a háyà, a lè dá a dúró. Ara tí a ti kọ́, kò rọrùn láti mú kí ó gbàgbé. Ẹ̀kẹta, àwọn aláìsàn tí a ń dán an wò lára wọn ni àwọn tí àárẹ̀ ti mú ẹ̀ṣọ́ ara wọn, ẹni tí ó sì ti rẹ̀ kò lè kọ́ ìjà dáradára.

Níhìn-ín ni ó ti yẹ kí a sọ òpin ìtàn Ngu. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ ní Cameroon, lẹ́yìn tí ó ti ṣe olórí yunifásítì àti mínísítà ìlera, ó mú èrò tí ó bí ní Ìbàdàn lọ sí ìhà mìíràn: ó ṣe àjẹsára kan fún àrùn éèdì láti inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀, ó pè é ní Vanhivax. Àwọn aláìsàn wá a lọ. Ṣùgbọ́n a kò fi ìdánwò tí a fi apá kan wé èkejì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, bí àwọn ará Japan ti ṣe, títí ó fi kú ní 2011. Èyí kò dín iyì ohun tí ó ṣe fún àwọn ọmọ tí ó ní kókó Burkitt kù. Ó kàn fi hàn pé èrò ọlọ́gbọ́n kò tó, bí ó ti wù kí ọlọ́gbọ́n náà ti gba ẹ̀bùn tó. Àwọn ará Japan tí ó tẹ àbájáde tí kò dùn mọ́ wọn jáde ṣe ohun tí ó ṣòro ju ṣíṣe àjẹsára lọ. Iye àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ìnáwó asán kò ṣeé kà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé nìkan ní Ìbàdàn. Ẹni tí jẹjẹrẹ bá mú, àti àwọn ẹbí tí ó ti ta ilẹ̀ àti mọ́tò nítorí rẹ̀, kò ní pẹ́ gbọ́ pé àjẹsára kan ti wà níbì kan tí ń wo jẹjẹrẹ sàn. Olùkọ́ tí ó bá mọ ìtàn yìí lè bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: ara eku ni tàbí ara ènìyàn? Ènìyàn mélòó? Ta ni a fi wọ́n wé? Ìbéèrè mẹ́ta yìí kì í wo àrùn sàn, ṣùgbọ́n ó lè gba owó ọmọ òrukàn sílẹ̀.

Olùkọ́ kan náà tún ní iṣẹ́ mìíràn, nítorí àjẹsára kan wà tí ó dájú. Àlejò tí ń wà lẹ́yìn ọmọ ilé tún padà wá. Harald zur Hausen, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì HPV ni ó wà lẹ́yìn jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Àjẹsára tí ń dènà fáírọ́ọ̀sì yìí ti wà fún lílò láti 2006. Kò bá jẹjẹrẹ jà. Àlejò ni ó ń dá dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ọmọ ilé tó bà jẹ́. Ọ̀nà Jenner ni, kì í ṣe ọ̀nà Folkman, ìdí nìyí tí ó fi yege. Ìbàdàn tún wà níbẹ̀: ní 2004, Jaiyeola Thomas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Ìdíkàn láàárín ìlú àtijọ́. Nínú obìnrin 932, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì náà lára ìdá 26.3 nínú ọgọ́rùn-ún, àti ọ̀dọ́ àti àgbà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní àjẹsára yìí lọ́fẹ̀ẹ́, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lára àwọn tí ó tẹ̀ lé e ní oṣù karùn-ún ọdún 2024.

Àwọn ọmọ ọdún 9 sí 14 wà nílé ìwé. Àwọn òbí wọn ni ó ń gbọ́ àhesọ pé abẹ́rẹ́ náà yóò sọ wọ́n di àgàn, àwọn olùkọ́ wọn sì ni wọ́n ń bèèrè òtítọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àjẹsára tí ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ṣì ń bẹ lórí ìwádìí. Ó lè gbà ju ìran kan lọ kí ó tó so èso, ó sì lè má so. Èyí tí ń dènà HPV ti so, ó ti pọ́n, ó wà nílẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí ọmọ na ọwọ́.

Ìwé tí Edington ṣí ní 1960 kò tíì di pípadé. Orúkọ ṣì ń wọ inú rẹ̀, láti Bódìjà, láti Àgbowó, láti Challenge, láti àwọn àdúgbò tí kò sí nígbà tí a kọ orúkọ àkọ́kọ́ sílẹ̀. Àwọn tí a bá fún ní àjẹsára ní 2024 yóò pé ogójì ọdún ní nǹkan bí 2050 sí 2055, ìgbà tí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ lára obìnrin. Nígbà náà ni a ó ṣí ìwé náà wò, ojú ewé tí a yà sọ́tọ̀ fún àrùn yìí ni yóò sì sọ bóyá àwọn olùkọ́ ìgbà yìí ṣe iṣẹ́ wọn.